Ọkùnrin Tí Kò Ní Ẹgbẹ́

Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti rí i rí, ọjọ́ tí ọwọ́ púpọ̀ para pọ̀ gbé ẹrù, tí wọ́n sì gbé e lé orí ẹni tí ará ìlú kò rán níṣẹ́. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀ràn Bàbá Tíṣà àdúgbò wa.

Bàbá Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ràn ariwo. Ìdajì àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀mọ̀wé ní ìlú wa, abẹ́ pàṣán rẹ̀ ni wọ́n ti mọ A yàtọ̀ sí B. Ní ọdún kan, àwọn èèyàn rọ̀ ọ́ títí pé kí ó lọ ṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Bàbá gbà. Ó ta mọ́tò rẹ̀, ó fi owó rẹ̀ gba fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé. Gbogbo wa ti gbà pé òun ni. Àfi bí àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ṣe ṣèpàdé ní alẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, orúkọ ẹlòmíràn ló jáde, ẹni tí a kò mọ ojúlé bàbá rẹ̀ ní àdúgbò wa.

Nígbà tí a lọ bá a kẹ́dùn, ọmọkùnrin kan fi ìbínú sọ pé, "Bàbá, ẹ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ dá dúró, ẹ̀yìn yín la wà." Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, òfin ò gbà bẹ́ẹ̀." Òótọ́ sì ni. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ọ́ kedere pé ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú kò bá gbé kalẹ̀ kò lè du ipò aṣòfin. Bàbá wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ tó ń kàwé kiri yìí, ǹjẹ́ ibì kankan wà láyé tí ẹni tí ẹgbẹ́ kọ̀ ti dá dúró, tó sì ṣe nǹkan gidi fún àwọn èèyàn rẹ̀? Àbí ẹnu lásán ni irú wọn ní?"

N kò rí èsì fọ̀ ní ọjọ́ náà. Mo lọ wá a. Èsì tí mo rí ni mo kọ sílẹ̀ yìí, ó sì jìnnà díẹ̀ sí ilé. Orílẹ̀-èdè Ọsirélíà ni mo ti rí i.

Ilẹ̀ Àwọn Àgbẹ̀

Bí ẹ bá kúrò ní Sydney, tí ẹ kọrí sí àríwá, tí ẹ gun òkè, ẹ óò dé àgbègbè kan tí wọ́n ń pè ní New England. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín pé ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni. Inú ìpínlẹ̀ New South Wales ló wà. Ìlú méjì ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Èkíní ni Tamworth, níbi tí àwọn olórin ìgbèríko máa ń péjọ sí ní oṣù kìíní ọdọọdún. Èkejì ni Armidale, ìlú yunifásítì. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, oko ló pọ̀ níbẹ̀: àgùntàn tí wọ́n ń rẹ́ irun rẹ̀ tà, màlúù, àlìkámà, àti ilẹ̀ dúdú kan ní gúúsù Tamworth tí wọ́n ń pè ní Liverpool Plains, tí àwọn àgbẹ̀ fi ń yangàn nítorí ọ̀rá tí ó ní.

Nítòsí ìlú kékeré kan níbẹ̀, Werris Creek, ni Tony Windsor ti dáko. Ọdún 1950 ni wọ́n bí i. Ó ṣì wà lọ́mọdé nígbà tí ìjàǹbá oko pa bàbá rẹ̀. Ó kàwé ní yunifásítì Armidale, ó gboyè nínú ètò ọrọ̀ ajé, lẹ́yìn náà ó padà sídìí ọkọ́ àti katakata. Ẹni tí ó bá ń wá alásọdùn ọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Windsor ni yóò ti rí i. Ohùn rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀, ó sì máa ń fi ẹ̀fẹ̀ sọ òótọ́, bí àwọn àgbẹ̀ ṣe máa ń ṣe níbi gbogbo.

Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ni àgbègbè náà. Ẹgbẹ́ National ni, èyí tí orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ túmọ̀ sí ẹgbẹ́ àwọn ará oko. Ní ilé aṣòfin àpapọ̀, ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ yìí, Ian Sinclair, ṣojú New England láti 1963 títí di 1998. Ọdún márùndínlógójì gbáko! Ẹgbẹ́ National yìí kì í dá ṣe. Òun àti ẹgbẹ́ Liberal, tí àwọn ará ìlú ńlá pọ̀ nínú rẹ̀, ni wọ́n jọ ń ṣe ìjọba, tí ẹgbẹ́ Labor ti àwọn òṣìṣẹ́ sì máa ń dojú kọ wọ́n. Ní New England, bí a bá dárúkọ Labor, àwọn àgbẹ̀ mìíràn a máa wo ojú ọ̀run bíi pé òjò eéṣú ló ń bọ̀.

Windsor fúnra rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ National ni. Ní 1991 ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ gbé òun kalẹ̀ láti ṣojú Tamworth ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹgbẹ́ mú ẹlòmíràn. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ rí i pé ibi tí ọ̀nà Bàbá Tíṣà ti dí ni a dé yìí. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, òfin kò ti ilẹ̀kùn. Windsor fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ láìsí ẹgbẹ́, ó bọ́ sí ìgboro, ó sì wọlé.

Bí Ẹni Tí Kò Ní Ẹgbẹ́ Ṣe Ń Wọlé

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dìbò lọ́hùn-ún, nítorí ibẹ̀ ni àṣírí wà. Lákọ̀ọ́kọ́, dandan ni ìbò dídì. Láti 1924 ni òfin ti sọ pé ẹni tí kò bá dìbò nínú ìdìbò àpapọ̀ yóò san owó ìtanràn. Nítorí náà, kì í ṣe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló ń jáde. Ìyá àgbà tí kò fẹ́ràn òṣèlú ń jáde, àgbẹ̀ tí ń bínú sí gbogbo wọn náà ń jáde.

Èkejì ni pé nínú ìdìbò àpapọ̀, olùdìbò kì í kàn ṣe àmì sí orúkọ ẹnì kan. Yóò kọ 1 sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó fẹ́ jù, yóò kọ 2 sí ti ẹni tí ó tẹ̀ lé e, títí tí yóò fi kan gbogbo wọn. Bí kò bá sí ẹni tó ní ju ìdajì ìbò lọ, wọ́n á yọ ẹni tó gbẹ́yìn kúrò, wọ́n á sì pín ìbò rẹ̀ fún àwọn tí olùdìbò rẹ̀ kọ 2 sí. Báyìí ni wọ́n á máa ṣe é títí ẹnì kan yóò fi borí. Ẹ wá wò ó. Ọmọ ẹgbẹ́ Labor ní New England mọ̀ pé èèyàn òun kò lè wọlé láéláé. Á kọ 1 sí ẹni tirẹ̀, á sì kọ 2 sí Windsor. Bí ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ bá ti rí ìbò tirẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀ kó jọ, ìbò àwọn tí kò lè wọlé á wá máa ṣàn bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, bí omi kéékèèké ṣe ń ṣàn wọnú odò.

Nígbà tí Windsor dé ilé aṣòfin New South Wales ní 1991, ó bá nǹkan tí kò retí pàdé. Ọmọ ilé 99 ni wọ́n jẹ́. Ìjọba Liberal àti National tí Nick Greiner ń darí ní 49. Labor ní 46. Àwọn mẹ́rin tó kù kò ní ẹgbẹ́, Windsor sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ gbé e kalẹ̀ ló wá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé kó dákun, kó fi ìbò rẹ̀ gbé ìjọba àwọn ró. Ṣé ẹ rí ayé? Ó gbé e ró, nítorí ó gbà pé ohun tí àwọn ará Tamworth fẹ́ nìyẹn. Kò fi ìbínú àná ṣe ìdájọ́ òní.

Bí Labor ṣe gba ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní 1995 pẹ̀lú ọmọ ilé 50 nínú 99, agbára ọwọ́ Windsor tán. Kò sẹ́ni tó nílò ìbò rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ àwọn ará Tamworth tún yàn án ní 1995, wọ́n tún yàn án ní 1999. Ní 2001 ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó du ipò New England ní ilé aṣòfin àpapọ̀ ní olú ìlú, Canberra, ó sì gbà á lọ́wọ́ National. Àga tí Sinclair ti jókòó sí fún ọdún márùndínlógójì bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Láti 2001 sí 2010, ohùn kan ṣoṣo ni Windsor jẹ́ láàrin 150. Ìjọba John Howard ní èèyàn tó pọ̀ tó, ti Kevin Rudd tó rọ́pò rẹ̀ ní 2007 náà ní èèyàn tó pọ̀ tó. Windsor tako títa ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, Telstra, nítorí ó ní bí wọ́n bá tà á tán, ta ni yóò fa wáyà dé oko tí ilé kan ṣoṣo wà? Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì ta á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rí fún ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún. Mo jókòó mo ṣírò rẹ̀. Nínú ọdún 22 tí Windsor lò nílé aṣòfin méjèèjì, nǹkan bí ọdún méje péré ni ìbò rẹ̀ fi lè yí nǹkan padà. Ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ há sí ọ́fíìsì. Àwọn tó ń yàn án mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń yàn án.

Ọjọ́ Mẹ́tàdínlógún

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 2010, Ọsirélíà dìbò. Nígbà tí wọ́n kà á tán, Labor tí Julia Gillard ń darí ní 72. Liberal àti National lábẹ́ Tony Abbott náà ní 72, pẹ̀lú ẹnì kan láti Western Australia tó jẹ́ ọmọ National ṣùgbọ́n tí ó ní òun kò sí lábẹ́ wọn. 76 ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó lè ṣe ìjọba. Gbogbo orílẹ̀-èdè wá yíjú sí àwọn díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí.

Ẹnì kan láti ẹgbẹ́ Greens, Adam Bandt, àti Andrew Wilkie láti erékùṣù Tasmania, gbè sẹ́yìn Gillard. Ó wá ku mẹ́ta: Bob Katter láti àríwá Queensland, Rob Oakeshott láti etíkun New South Wales, àti Windsor. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà ní National rí, àgbègbè àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jìnnà sí ìlú ńlá. Fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, orílẹ̀-èdè náà kò mọ ẹni tí yóò ṣe olórí òun.

Ohun tí wọ́n ṣe ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn wú mi lórí. Wọn kò kọ́kọ́ béèrè ipò. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣúra ìjọba fi ìṣirò owó tí ẹgbẹ́ méjèèjì fẹ́ ná han àwọn. Ẹgbẹ́ Abbott kọ́kọ́ lọ́ tìkọ̀, kí wọ́n tó gbà. Nígbà tí wọ́n yẹ ìwé wò, ìṣirò tiwọn fi bílíọ̀nù méje sí mọ́kànlá dọ́là gùn ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ìyá oníṣòwò ọjà èyíkéyìí lè sọ fún yín ohun tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án, Katter kọ́kọ́ kéde pé ti Abbott ni òun. Ó di 74 sí 74. Windsor jáde sí iwájú àwọn oníròyìn, ó ní ti Gillard ni òun. Oakeshott tẹ̀ lé e, ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún kí ó tó sọ ibi tí òun ń lọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé ń wo ẹnu rẹ̀. Òun náà lọ sọ́dọ̀ Gillard. 76 sí 74. Ìjọba dúró.

Kí ló fà á? Windsor sọ ìdí rẹ̀ láìfi bò. Èkíní ni íntánẹ́ẹ̀tì ayára. Ìjọba Labor fẹ́ fa okùn fáíbà dé ilé 93 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì fi rédíò àti sátẹ́láìtì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. Windsor ní ẹ̀ẹ̀kan ni kí a ṣe é, kí a ṣe é dáadáa, kí a sì fi fáíbà ṣe é. Fún ẹni tó ń gbé Sydney, ìyẹn lè jọ ohun ìgbádùn. Ṣùgbọ́n fún ìyá tí dókítà tó mọ àìsàn rẹ̀ wà ní ìrìn ọ̀pọ̀ wákàtí sí i, fún ọmọ tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ láìfi oko bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó jọ ọ̀nà tuntun tí wọ́n là wọ abúlé. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà, èyí tí àgbẹ̀ ń rí kí ẹlòmíràn tó rí i. Ẹ̀kẹta ni pé ó gbà pé Gillard yóò jẹ́ kí ilé aṣòfin náà lo sáà rẹ̀ pé, pé bí Abbott bá wọlé, yóò yára padà lọ pe ìdìbò mìíràn. Lórí gbogbo rẹ̀, wọ́n gba àdéhùn tó sún mọ́ bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là fún àwọn ará ìgbèríko orílẹ̀-èdè náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu àwọn tó bínú, nítorí wọ́n ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ní New England, nínú ìdìbò 2010 yẹn gan-an, àwọn tó kọ 1 sí Labor kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Àwọn alátakò ní: "Ta ló rán ọ lọ fi Labor jẹ oyè? Bí a bá fẹ́ Labor, ṣé a ò mọ ibi tí orúkọ wọn wà lórí ìwé ìdìbò ni?" Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Èsì Windsor ni pé ju ìdajì àwọn olùdìbò ló kọ 1 sí òun, wọ́n sì mọ̀ pé òun kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan. Iṣẹ́ tí wọ́n rán òun ni pé kí òun wo ohun tó dára fún wọn, kí òun ṣe é.

Ta ló jàre? Ẹ fi sí ọkàn ná. N óò padà wá síbẹ̀.

Omi

Windsor kò gba ipò mínísítà. Ó wà ní ìjókòó rẹ̀, ó ń wo òfin kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin lórí ọ̀rọ̀ ìgbèríko, iná ńlá kan sì ti ń jó nílẹ̀ dè é.

Odò Murray àti odò Darling pẹ̀lú àwọn ẹ̀ka wọn ni wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ oko Ọsirélíà lómi. Àwọn àgbẹ̀ ti fa omi náà títí odò fi ń kú lọ. Ní oṣù kẹwàá 2010, àjọ tó ń bójú tó o gbé ìwé jáde pé kí wọ́n dín omi tí àwọn àgbẹ̀ ń fà kù láàárín bílíọ̀nù lítà 3,000 sí 4,000 lọ́dún. Ní ìlú Griffith, àwọn àgbẹ̀ fi iná sun ìwé náà ní gbangba. Windsor àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ gbéra, wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú lẹ́bàá odò, wọ́n jókòó gbọ́ àwọn tó ń bínú. Nígbà tí wọ́n mú àbọ̀ wá ní 2011, ìmọ̀ràn wọn ni pé kí ìjọba dín omi tó ń ṣòfò kù kí ó tó gba tọwọ́ àgbẹ̀, kí ó má sì máa ra omi káàkiri láìwo ìlú tí yóò tibẹ̀ kú. Ní ìparí 2012, wọ́n fọwọ́ sí ètò kan tí ó dúró lé bílíọ̀nù lítà 2,750. Kò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, ṣùgbọ́n iná rọlẹ̀.

Omi kejì wà lábẹ́ ilẹ̀. Ranti ilẹ̀ dúdú Liverpool Plains tí mo sọ. Èédú àti gáàsì wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì ń fẹ́ gbẹ́ ẹ. Àwọn àgbẹ̀ ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ, kànga àwọn á gbẹ tàbí á bàjẹ́. Nígbà tí ìjọba Gillard fẹ́ fi owó orí lé èrè àwọn awakùsà ní 2011, ìbò Windsor ni wọ́n nílò. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kalẹ̀ tí yóò máa yẹ ọ̀rọ̀ omi wò ṣáájú kí wọ́n tó gbẹ́ èédú ńlá tàbí gáàsì. Wọ́n ṣe é. Kò dúró níbẹ̀. Ní 2013, ó ṣiṣẹ́ kó di òfin pé bí ìwakùsà èédú ńlá tàbí gáàsì inú èédú bá lè ṣe omi ní jàǹbá gidi, àfi kí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i. Ìjọba ìpínlẹ̀, tí ń gba owó lọ́wọ́ awakùsà, kò ní dá dájọ́ rẹ̀ mọ́.

Owó Tí Ó San

Ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún 2011, Gillard wá sí Armidale wá tan íntánẹ́ẹ̀tì fáíbà tuntun náà. Armidale ni ìlú àkọ́kọ́ tó rí i lórí ilẹ̀ Ọsirélíà gangan, yàtọ̀ sí erékùṣù Tasmania. Ilé ìwòsàn Tamworth náà gba owó àtúnkọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní Windsor kò mú nǹkan bọ̀ wálé, ó ń purọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn èéfín wọlé. Nínú ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ oríṣiríṣi ti jókòó, Windsor wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pinnu pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa sanwó lórí èéfín kábọ̀n. Òfin náà kọjá ní oṣù kẹwàá 2011 pẹ̀lú ìbò 74 sí 72, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2012, ní dọ́là 23 lórí tọ́ọ̀nù kan. Nígbà náà ni ìbínú wá di àrùn. Wọ́n ń pe fóònù ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n ń bú u, wọ́n ń sọ pé àwọn á pa á. Ẹni tí wọ́n ń kí ní "Tony, báwo ni oko?" ní ọjà Tamworth, àwọn kan ń wò ó bí ọ̀dàlẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2013, òun àti Oakeshott kéde pé àwọn kò ní dupò mọ́. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Labor lé Gillard, tí wọ́n dá Rudd padà. Ilé aṣòfin tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní kò ní pé oṣù mẹ́ta ti lo ọdún mẹ́ta, ó ti ṣe òfin tó ju 500 lọ. Barnaby Joyce ti ẹgbẹ́ National, ẹni tí wọ́n bí sí Tamworth, wá gba New England. Ní 2016 Windsor tún jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó ní òun fẹ́ gbà á padà. Joyce ti di igbákejì Olórí Ìjọba nígbà náà. Ó na Windsor dáadáa, nǹkan bí 58 nínú ọgọ́rùn-ún sí 42. Nígbà tó di 2017, wọ́n rí i pé Joyce jẹ́ ọmọ New Zealand pẹ̀lú láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, èyí tí ìwé òfin kò gbà fún aṣòfin. Windsor lọ síwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí ọ̀ràn náà, ilé ẹjọ́ sì yọ Joyce. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún ìdìbò ṣe ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, Windsor kò jáde, Joyce sì padà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ọ̀nà náà ṣe parí nìyẹn.

Ìdájọ́ Tèmi

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè tí mo gbé sílẹ̀. Ta ló jàre, Windsor tàbí àwọn tó bínú?

Mo wo ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba tó gorí oyè ní 2013 yí ètò fáíbà padà, wọ́n ní kí wọ́n máa lo wáyà bàbà àtijọ́ ní ibi púpọ̀. Owó èéfín, wọ́n fagi lé e ní oṣù keje 2014. Ìwọ̀nyẹn lọ bí ìrì àárọ̀. Ṣùgbọ́n òfin omi kò lọ. Ìjọba mẹ́ta lo ó, kò sí èyí tó fà á ya. Nígbà tó di ìparí 2023, fífẹ̀ ni wọ́n tún fẹ̀ ẹ́, tí ó fi kan oríṣi gáàsì mìíràn tí kò kàn tẹ́lẹ̀. Kí ló mú kí èyí yàtọ̀? Òfin ni owó èéfín náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn àgbẹ̀ New England kò fìgbà kan gba owó èéfín ní tiwọn. Wọ́n rí i bí ẹrù tí Canberra gbé kọ́ wọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n omi kànga, tiwọn ni. Àwọn gan-an ló kọ́kọ́ ké, Windsor kàn gbé igbe wọn dé ibi tí wọn kò lè dé ni. Ẹni tó bá fẹ́ fa òfin náà ya, àwọn ni yóò bá jà.

Nítorí náà, èrò mi ni pé Windsor jàre láti lo agbára rẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ sì jàre láti bi í pé ta ló rán an. Ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́, bó bá ṣìnà, ẹgbẹ́ á bò ó. Á ní, "Ẹgbẹ́ ló pàṣẹ." Ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ kò ní ibi tí yóò sá sí. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí ohun tó ṣe. Ohun tó fún un lágbára náà ni ohun tó tú u sí gbangba. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi kó ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn àgbẹ̀ jọ, láti 1991 sí 2010. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ó gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Kò ná an fún ilé tàbí ipò. Ó ná an fún okùn fáíbà, ilé ìwòsàn àti omi. Àwọn kan nínú ohun tó rà bàjẹ́, ọ̀kan tó ṣe kókó ṣì wà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Windsor fẹ́ràn láti máa sọ, pé àwọn tó bá jáde wá ló ń darí ayé. Mo gbé ìtàn yìí lọ fún Bàbá Tíṣà ní ilé rẹ̀. Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dá mi lọ́rọ̀ kọjá. Nígbà tí mo parí, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ó ṣe é tì ní ìparí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Wọ́n fi ìbò kọ̀ ọ́ nígbà tó fẹ́ padà."

Ó ní, "Ìyẹn ò dùn mí. Àwọn tó yàn án rí ló kọ̀ ọ́. Èmi, àwọn tó fẹ́ yàn mí, wọn ò tilẹ̀ rójú ìwé tí wọ́n á ti kọ orúkọ mi. Bí wọ́n bá yàn mí lónìí, tí wọ́n lé mi lọ́la, mo fara mọ́ ọn. Ó ṣáà jẹ́ pé àwọn ni."

N kò ní èsì mìíràn fún un. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá ní, ẹ jẹ́ kí á gbọ́.